Níbo Ni Iyọ̀ Ara Bàbá Mi Ń Gbà Lọ?

Nígbà àkọ́kọ́ tí bàbá mi ṣubú, àtẹ́wọ́ ni wọ́n pa fún un.

Inú ilé ìjọsìn wa ló ti ṣẹlẹ̀, lápá Ìkòsì, lọ́jọ́ Ìsinmi kan nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwa mẹ̀kúnnù. Alàgbà ni bàbá mi nínú ìjọ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí Ẹ̀mí máa ń gbé ṣubú. Bí àwọn yòókù bá ń yí nílẹ̀, òun á dúró gbọn-in, á máa ṣọ́ àwọn bẹ́ǹṣì kí wọ́n má baà fi ẹsẹ̀ fọ́ wọn. Káfíńtà ni, òun ló sì kan gbogbo bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, pásítọ̀ ń gbàdúrà, ariwo ti gba gbogbo ilé, mo sì rí bàbá mi tó na ọwọ́ kó lè di ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì iwájú rẹ̀ mú. Ọwọ́ rẹ̀ ò bá a. Ó lọ sílẹ̀ láìpariwo, kò sì yí rárá. Ìyá kan yára ju ìborùn rẹ̀ bò ó lẹ́sẹ̀, gbogbo ìjọ ké "Ògo!", wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ìyá mi, tó ti ń gbàdúrà tipẹ́tipẹ́ pé kí Ẹ̀mí fọwọ́ kan ọkọ òun, ń sunkún ayọ̀. Kò pẹ́ tí bàbá mi lajú, tó dìde jókòó, tó ń wo gbogbo wa bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀. Wọ́n bi í pé kí ló rí. Ó ní òun ò rí nǹkan kan. Pásítọ̀ ní ohun tó rí kọjá ohun tí ẹnu lè sọ ni.

Èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ létí. Bí nǹkan ò bá yé mi, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Láti kékeré ni bàbá mi ti ń pè mí ní ọlọ́pàá inú ilé, nítorí mi ò lè rí ìkòkò lórí iná kí n má ṣí i wò. Nígbà yẹn mo ti di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kétu, mo ṣì ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí mi, àrùn ìbéèrè bíbi ò sì tíì fi mí sílẹ̀. Bí a ṣe ń ti ilé ìjọsìn bọ̀, mo sún mọ́ bàbá mi.

"Daddy, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?"

"Kí ló bẹ̀rẹ̀?"

"Bí ẹ ṣe ṣubú yẹn."

"Àyà mi kàn fò sókè. Ó tún fò. Lẹ́yìn náà ló wá ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó wá dà bí ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ."

"Ẹ̀mí nìyẹn," ni ìyá mi dáhùn láti iwájú. Etí ìyá mi kì í di.

Ìgbà kejì tí bàbá mi máa ṣubú, inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kétu ni. Ó ń rẹ́ pákó lọ́wọ́ ni wọ́n gbọ́ tí ayùn dákẹ́. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ìtòsí sáré dé, ẹnìkan da omi lé e lójú, ẹnìkan ń fi àlùbọ́sà ra imú rẹ̀, ọ̀kan tó rò pé wárápá ni ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì fi ṣíbí náà dá eyín rẹ̀ kan. Nígbà tí mo fi máa dé, bàbá mi ti jókòó sórí pákó, ó ti tutù rinrin, inú sì ń bí i gidigidi nítorí eyín yẹn. Nígbà tí mo mú un délé, mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn wàyí, nítorí Ẹ̀mí kì í wá bá èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà.

"Jésù náà, káfíńtà ni," ni ìyá mi wí. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ bàtà.

Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ dókítà ọkàn nìyẹn, ní ilé ìwòsàn kékeré kan lápá Mende. Obìnrin ni, ọjọ́ orí rẹ̀ ò lè ju tèmi lọ fi bẹ́ẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yá. Ó tẹ́ bàbá mi sórí bẹ́ẹ̀dì, ó lẹ àwọn nǹkan pẹlẹbẹ mọ́ ọn láyà, ẹ̀rọ kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilà sórí ìwé gígùn kan. Mo na ọrùn. Àwọn ilà ṣóńṣó ṣóńṣó tí wọ́n tò bí eyín ayùn ni mo rí, ṣùgbọ́n níbì kan, ọ̀kan dìde láàárín wọn tó fẹ̀, tó rí wúruwùru, tó dé kí àsìkò rẹ̀ tó pé.

"Kí nìyẹn?" ni mo bèèrè. Mo ti ń retí pé á ní kí n jáde.

Kò lé mi. Ó fa àga sún mọ́ mi, ó ya ọkàn sórí bébà. Ó ní yàrá òkè méjì àti yàrá ìsàlẹ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀. Òkè ni àṣẹ ti ń wá, ìsàlẹ̀ á gbọ́, á fún ẹ̀jẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n nígbà míì, yàrá ìsàlẹ̀ á dá àṣẹ tirẹ̀ pa. Bó bá ṣe ẹ̀ẹ̀kan, àyà èèyàn á fò. Bó bá ṣe é léraléra, òòyì á kọ́ ọ, tàbí kó ṣubú, bí ọkàn bá sì gbọ́ràn padà, á lajú, á dìde. Mo ní, bí kò bá wá gbọ́ràn padà ńkọ́? Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní ọkàn á kàn máa gbọ̀n lásán ni, kò ní fún ẹ̀jẹ̀ kankan jáde mọ́, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ á sì lọ bẹ́ẹ̀.

Mo rántí àwọn tí mo ti gbọ́ ìròyìn ikú wọn bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa, tí gbogbo èèyàn máa ń sọ pé ayé ló ṣe wọ́n.

Bàbá mi ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ látorí bẹ́ẹ̀dì. "Ó ti yé mi," ló wí. "Ọmọ iṣẹ́ ló fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́."

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, Daddy," ni dókítà wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ohun tó ń bí ọmọ iṣẹ́ nínú la fẹ́ mọ̀."

Ó fi ẹ̀rọ kan wo inú àyà rẹ̀, ó ní ẹran ara ọkàn náà le dáadáa, kò sí ọgbẹ́ níbẹ̀. Ìyẹn tún wá jẹ́ kó yà á lẹ́nu. Ó bèèrè oògùn tó ń lò. Bàbá mi fa páálí kékeré kan yọ lápò: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tó máa ń jẹ́ kéèyàn tọ̀, tí dókítà mìíràn ti fún un tipẹ́. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀rọ kan jáde tó rí bíi rédíò kékeré, ó so ó mọ́ bàbá mi níbàdí, ó sì fi wáyà so ó mọ́ àyà rẹ̀. Ẹ̀rọ náà á máa tẹ́tí sí ọkàn rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

"Ẹ má wẹ̀ o," ló wí. "Yàtọ̀ sí ìyẹn, gbogbo ohun tí ẹ máa ń ṣe lójoojúmọ́ ni kí ẹ ṣe. Bí ẹ bá fi nǹkan pa mọ́ fún ẹ̀rọ yìí, kò ní rí i."

Ó ní kí ẹnìkan má fi bàbá sílẹ̀ rárá. Ó wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi tìmùtìmù kọ́ mi ní ohun tí mo máa ṣe bó bá tún ṣubú: kò sí omi, kò sí àlùbọ́sà, kò sí ṣíbí. Bó bá ń mí, kí n yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí kò bá mí, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì lé àárín àyà rẹ̀, kí n máa tẹ̀ ẹ́ wọlé pẹ̀lú agbára, kíákíá, láìsinmi, kí àwọn yòókù máa wá mọ́tò.

Bàbá mi dìde jókòó. "Èmi tí mo bí i, òun ni yóò gun àyà mi?"

"Daddy, ẹ óò ti kú nígbà yẹn. Ẹ ò ní mọ̀," ni dókítà wí.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti di wáyà àyà rẹ̀ mú. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ń wo ọwọ́ mi.

Ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi, nítorí náà èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. A fẹsẹ̀ rìn láti ilé wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe máa ń ṣe. Mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ń wo ojú rẹ̀, bó bá ti dẹsẹ̀ dúró kí ẹnìkan, èmi náà á ti na ọwọ́. Ó sú u. Nígbà tí àwọn èèyàn bèèrè wáyà tó yọ lábẹ́ bùbá rẹ̀, ó ní rédíò ni, òun ń gbọ́ ìròyìn ara òun. A kọjá lára àwọn tó ń ti ọjà Mile 12 gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ bọ̀, ó pọ́n, ó ń dán. Bàbá mi yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Èyí kì í ṣe tuntun. Gbogbo wa la mọ̀ pé bàbá mi kì í jẹ adùn. Kì í jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kì í jẹ ọsàn, kì í jẹ dòdò, ṣúgà kì í kan tíì rẹ̀. Adùn ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, jẹ̀díjẹ̀dí ló ń fa ẹ̀yìn ríro, ẹ̀yìn ló sì jẹ́ gbogbo dúkìá káfíńtà. Bí ìyá mi bá ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wálé, á ní, "Ẹ máa jẹ jẹ̀dí yín o." Èmi náà kì í jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n tèmi ò kan jẹ̀dí. Mo kàn kórìíra bó ṣe máa ń rọ̀ lẹ́nu ni, láti kékeré.

Nígbà tí a sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó dúró. "Lọ bá mi ra ìwé ìròyìn."

"Daddy, ẹ kì í ka ìwé ìròyìn."

"Lónìí, mo fẹ́ kà á."

Mo lọ, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kì í jìnnà. Mo yà sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé sílẹ̀, mo sì rí bàbá mi tó gba kọ̀rọ̀ kan wọlé, sídìí ìyá àgbàlagbà kan tó to ìgò àti ike àgbo sórí tábìlì. Ìyá náà ò tiẹ̀ bi í ní nǹkan kan. Ó ti gbé kọ́ọ̀bù.

"Olómi ni o," ni bàbá mi wí.

"Ṣé mo fún yín lọ́lọ́tí rí ni? Ti jẹ̀dí yín rèé. Ẹ̀yìn ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

Ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà, ó fún ojú pọ̀, ó yí padà, ó sì bá mi ní ẹ̀yìn rẹ̀. Mi ò tíì rí bàbá mi kí ojú tì í bẹ́ẹ̀ rí. Alàgbà ni. Nínú ìjọ wa, wọ́n máa ń wàásù lórí àgbo bí ìgbà tí wọ́n ń wàásù lórí àgbèrè, ìyá mi gan-an sì ti da ìgò àgbo ọmọ ìyá rẹ̀ nù lójú gbogbo ẹbí.

Mo ti bú sẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí ìyá alágbo, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi. Kí ló wà nínú rẹ̀, mà? Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Inú ìyá náà dùn láti dáhùn. Ó ní ewé àti egbò ni, ó máa ń fọ inú mọ́ tónítóní, ẹni tó bá mu ún á lọ yàgbẹ́, á tún lọ, á tún lọ, títí ìdọ̀tí jẹ̀dí á fi jáde tán. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ní kí wọ́n máa mu ún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá. Àgbà ni wọ́n, kí ni mo lè ṣe?"

Bí a ṣe ń lọ, bàbá mi fà mí lápá. "Má sọ fún ìyá ẹ."

"Daddy, ẹ fọkàn balẹ̀," ni mo wí. Àṣírí àgbà dùn mọ́ mi lápò. Mi ò rò ó kọjá bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, a dá ẹ̀rọ padà sí Mende. Ìyá mi tẹ̀ lé wa. Dókítà fi ẹ̀rọ náà sára kọ̀ǹpútà, ó wò ó pẹ́, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí wa. Àwọn ilà gbígbòòrò wúruwùru yẹn ni mo rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti pọ̀. Níbì kan, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn láìsí ọ̀kan tó dára láàárín wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n dáwọ́ dúró.

"Daddy, ibí yìí, ṣé ẹ mọ nǹkan kan lára?"

"Òòyì díẹ̀ kọ́ mi. Mo rò pé oòrùn ni."

"Bó bá pẹ́ jù báyìí lọ, à bá má jọ jókòó síbí." Ó fa èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sún mọ́ ara rẹ̀. Ó ní iyọ̀ kan wà nínú ara tí wọ́n ń pè ní pọ̀tásíọ̀mù, inú èso bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọsàn ló pọ̀ sí, òun ló sì ń mú kí ọkàn gbọ́ràn. Ti bàbá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Oògùn tó ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ máa ń fà díẹ̀ jáde nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn yìí kéré, kò lè dá fà á tó báyìí. "Ibòmíràn wà tí iyọ̀ yìí ń gbà jáde. Ibẹ̀ ni mò ń wá. Daddy, ẹ ń bì?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ ń ya ìgbẹ́ gbuuru?"

Bàbá mi gbójú sókè, ó ń wo bí wọ́n ṣe kan àjà yàrá náà. "Inú mi dára."

"Àgbo ńkọ́? Ẹ ń mu àgbo kankan?"

"Nínú ilé tèmi?" Ìyá mi ló gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Dókítà, alàgbà ni wọ́n o! Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Bàbá mi kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn ń wo àjà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyá alágbo ti wá sí mi lọ́kàn: á lọ, á tún lọ, á tún lọ. Kì í ṣe ìdọ̀tí jẹ̀dí nìkan ló ń bá ìgbẹ́ jáde. Iyọ̀ tí ọkàn rẹ̀ fi ń gbọ́ràn ló ń yà dànù ní ṣáláńgá láràárọ̀, àwọn èso tí ì bá sì dá a padà, òun ló ń yíjú kúrò lára wọn ní ojú ọ̀nà Mile 12. Gbogbo rẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀rù sì bà mí.

Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá dákẹ́, bàbá mi á padà sídìí kọ́ọ̀bù yẹn lọ́la. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti bọ́ ṣòkòtò nídìí bàbá mi lójú ìyàwó rẹ̀ àti lójú ọmọdé tó lè bí. Mo sì mọ bàbá mi dáadáa. Bí mo bá dójú tì í, á ní irọ́ ni, á dìde, á wọ fìlà, a ò sì ní rí i nílé ìwòsàn mọ́ títí ayé. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Mo wá ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kan, mo sì fi orí ara mi gbé e.

"Dókítà," ni mo wí, "ẹ jọ̀ọ́, èmi fúnra mi fẹ́ bèèrè nǹkan. Èmi náà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tó ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ yìí. Mo sì máa ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí láràárọ̀. Ó máa ń jẹ́ kí n yàgbẹ́ dáadáa. Ṣé kò léwu?"

Ìyá mi yí gbogbo ara sí mi. "Ìwọ! Ọmọ tí mo tọ́ nínú Olúwa!"

Dókítà wò mí, ó wo bàbá mi tí kò wo àjà mọ́, ó tún wò mí. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ le koko.

"Láràárọ̀? Orí ẹ pé báyìí?" Ó là á mọ́ mi láìfi sábẹ́ ahọ́n sọ. "Ìwọ tí wọ́n ń pè ní tíṣà! O jókòó síbí, o rí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà yìí, o sì ń mu ún? O fẹ́ kú? Àárín ọ̀nà lo máa wà, o ò ní lè pe ẹnikẹ́ni, ọkàn ẹ á kàn dáwọ́ dúró. Mọ́mì ẹ yìí ni wọ́n máa wá pè kí wọ́n wá gbé òkú ẹ." Ó na ọwọ́ sí agogo orí tábìlì. "Mi ò lè jẹ́ kó o lọ sílé lónìí. O lè má dé bọ́sítọ́ọ̀pù. Nọ́ọ̀sì! Ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan."

Ìyá mi ti bú sẹ́kún, ó di apá mi mú bí ẹni pé mo ti ń lọ. Èmi gan-an ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé èmi ni mò ń mu ún lóòótọ́. Nígbà náà ni mo gbọ́ tí àga há ilẹ̀. Bàbá mi ti dìde. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Dókítà, ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀," ló wí. "Kì í mu nǹkan kan. Èmi ni."

Ó yíjú sí ìyá mi. "Ẹ̀yìn ló ń ro mí," ló wí, bí ọmọ kékeré. "Mi ò fẹ́ kí n má lè ṣiṣẹ́ mọ́." Ìyá mi nu ojú ara rẹ̀, ó gba fìlà náà lọ́wọ́ bàbá mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Mo nífẹ̀ẹ́ àwọn méjèèjì lọ́jọ́ náà débi pé ó dùn mí láyà.

Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ fún mi ni bàbá mi sùn lé. Wọ́n fa omi sí i lára pẹ̀lú iyọ̀ náà, díẹ̀díẹ̀, nítorí dókítà ní bí wọ́n bá fi ìkánjú dà á sí i, òun náà lè dá ọkàn dúró. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ tó ń ṣàfihàn ilà ọkàn rẹ̀, mo sì ń ṣọ́ àwọn oníwúruwùru yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mi ò lè ṣẹ́jú kí ọ̀kan má kọjá. Nígbà tó yá, mo ní láti dúró kí n tó rí òmíràn. Nígbà tó tún yá, mo dúró títí ó fi sú mi. Dókítà pa oògùn tó ń jẹ́ kó tọ̀ náà tì, ó fún un ní òmíràn tó ń tu ọkàn lójú, ó sì fún un ní ohun tó máa fi so ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní àwọn mìíràn wà tí ẹran ara ọkàn wọn ti bàjẹ́, irú wọn ló máa ń nílò ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ, tó ń fi iná mànàmáná ta ọkàn jí padà sẹ́nu iṣẹ́. Ti bàbá mi ní ojú ihò tó ṣeé dí.

Mo bi dókítà, nígbà tó kù èmi àti òun nìkan, pé báwo ló ṣe mọ̀ pé kì í ṣe èmi.

"Ìwọ tó o ti bi mí ní gbogbo ìbéèrè ayé láti àná," ló wí, "èyí tó kan ẹ̀mí ìwọ fúnra ẹ lo wá fi ṣe ìkẹyìn?"

Nígbà tí bàbá mi padà sí ilé ìjọsìn, wọ́n ní kó wá jẹ́rìí. Ó bọ́ síwájú. Ó ní lọ́jọ́ tí òun ṣubú, kì í ṣe Ẹ̀mí. Ó sọ ti àgbo. Ìyá mi ń wo ilẹ̀ ṣùgbọ́n kò jókòó jìnnà. Bàbá mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá tún ṣubú, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọmọ mi yìí mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà. Ẹ yà fún un." Lẹ́yìn ìsìn, àwọn alàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí sí kọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló ní ẹnìkan táwọn mọ̀ tó ń mu àgbo jẹ̀dí láràárọ̀, kì í ṣe àwọn o, ṣé ó léwu? Pásítọ̀ ló bèèrè kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn yẹn ni mo máa ń rántí jù. Ìyá mi ti lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wá, ó bó o, ó sì dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Bàbá mi wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Ó gé e jẹ, ó fún ojú pọ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe sí àgbo, ó ní ó dùn jù. Lẹ́yìn náà ló dá èyí tó kù sí méjì, ó sì na ìdajì sí mi.

"Gbà. Ìwọ náà ń mu àgbo."

Láti ọjọ́ náà, kò jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lójú mi kó má dá a sí méjì. Mo lọ́kọ, mo bímọ, eyín kù díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, bí mo bá dé, á na ìdajì sí mi, á ní, "Gbà, alágbo." Kò sọ fún mi rí pé òun dúpẹ́. Èmi náà ò sọ fún un rí pé mi ò fẹ́ràn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo máa ń gbà á, mo sì máa ń jẹ ẹ́ tán.